Ara ìkókó gbóná: ohun tí àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Bí ara àgbàlagbà bá gbóná ní Ògbómọ̀ṣọ́, ariwo rẹ̀ kì í pọ̀. Á ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, tàbí kó wá àgbo mu, á da aṣọ borí, ilẹ̀ á mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta náà, ìyá rẹ̀ á fi aṣọ tútù nù ún lára, á fún un ní parasitamọ́ọ̀, á máa ṣọ́ ọ. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 láyé yàtọ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gba ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì ní kí ìyá má tíì ronú ilé fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Ibẹ̀ ni gbólóhùn asọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọmọ á ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe ọmọ mi gan-an?" Dókítà á ní òun kò tíì mọ̀. "Ẹ ò tíì mọ̀, ẹ sì ti ń gún un lábẹ́rẹ́ oríṣi méjì?"

Ìbéèrè yìí mọ́gbọ́n dání, ó sì yẹ kí àwọn elétò ìlera máa dáhùn rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà tí ọmọ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá bakitéríà ló wọ̀ ọ́ lára, kòkòrò àìfojúrí tí antibáyótíìkì ń pa, tàbí fáírọ́ọ̀sì, tí antibáyótíìkì kì í pa. Àyẹ̀wò tó lè tètè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì kò sì tíì pọ̀ nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ara gbígbóná. Bí tẹmómítà tí wọ́n fi sí ihò ìdí ọmọ bá ka 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ náà gbóná nìyẹn. Ti abíyá máa ń dín díẹ̀ sí i. Àtẹ́lẹwọ́ kò ṣeé gbára lé: ọwọ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ tán á ní ọmọ ń jóná, ọwọ́ ẹni tó ń dáná á ní kò sí nǹkan kan. Lásìkò ọyẹ́, a máa ń fi aṣọ lé aṣọ fún ìkókó, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù, a ó tún ti fèrèsé pa. Ara ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbóná láìsí àìsàn kankan. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tó bí ìdajì wákàtí, ẹ tún fi tẹmómítà sí i. Ọmọ ọjọ́ méjì sí mẹ́rin tí ọmú ìyá rẹ̀ kò tíì sun dáadáa náà lè gbóná nítorí òùngbẹ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ló yẹ kó sọ pé òùngbẹ ni, kì í ṣe aládùúgbò. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò sì mọ̀ ni pé ìkókó tí àìsàn ńlá ń ṣe lè má gbóná rárá. Ó lè tutù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka ara tó wálẹ̀ kọjá 35.5°C mọ́ àmì ewu bí wọ́n ṣe ka 38°C sí i.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ le mọ́ ọn? Ara ọmọ tuntun kò tíì mọ bí a ti ń dènà àìsàn. Bakitéríà tó wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lè dé awọ tó bo ọpọlọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí yírùnyírùn bá mú àgbàlagbà, ọrùn rẹ̀ á gan, orí á máa fọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ á sì sọ. Ọrùn ìkókó lè rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Gbogbo ohun tí ìyá á rí lè má ju pé ọmọ kò fa ọmú mọ́ bíi ti àná. Àwùjẹ̀ lè wú sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹn bá fi hàn, àìsàn ti rìn jìnnà. Ìwádìí ìlera ìdílé tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2023 sí 2024 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 41 ni kì í pé oṣù kan. Ní 2018, 39 ni. Àwọn tí wọ́n bí láìtọ́jọ́ àti àwọn tí kò rí afẹ́fẹ́ mí nígbà ìbí wà nínú wọn, àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí ń fà sì kó ìpín tirẹ̀.

Ní ìgboro wa, láti Tákíẹ̀ dé Másífà, orúkọ méjì péré ló wà fún gbogbo ara gbígbóná: ibà àti táífọ́ọ̀dù. Mi ò bínú sí orúkọ ibà. Ọmọ lè gba ibà ẹ̀fọn lára ìyá rẹ̀ láti inú oyún. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 láti ilé ìwòsàn bíi mélòó kan ní Nàìjíríà rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun bíi 5 nínú 100. Nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ, kòkòrò náà pòórá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n wo ibà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni kí wọ́n rí ibà, kí wọ́n sì dáwọ́ wíwá nǹkan mìíràn dúró. Ní ti táífọ́ọ̀dù, kí n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: kí láàbù ẹ̀gbẹ́ títì ṣe àyẹ̀wò Widal fún ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá, owó ni wọ́n fi ṣòfò.

Ìdí rẹ̀ rèé, òun náà ló sì máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì yé wa. Oríṣi àyẹ̀wò kan wà tí kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àmì tí ara ti fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń bá kòkòrò náà jà ló ń wá, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní antibọ́dì. Widal wà lára wọn, àyẹ̀wò HIV ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún náà wà lára wọn. Antibọ́dì ìyá sì máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ kí wọ́n tó bí i, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ti HIV lè tó oṣù 18. Bí a bá wá ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún ìkókó, àìsàn tí ìyá ti ṣe sẹ́yìn là ń kà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní HIV, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kán sórí páálí, tí wọ́n á gbé e lọ sí láàbù tó lè wá fáírọ́ọ̀sì náà gan-an.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PCR nìyẹn. Kary Mullis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ronú kàn án ní 1983, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1993. Ẹ̀rọ náà á mú èérún àbùdá fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ẹ̀yìn, á sọ ọ́ di méjì, á sọ méjì di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Tó bá yípo nígbà 30, ẹyọ kan ti lé ní bílíọ̀nù kan nìyẹn, kò sì lè fara pa mọ́ mọ́. Kí PCR tó dé, ńṣe ni wọ́n máa ń gbin fáírọ́ọ̀sì sínú ìgò ní láàbù, tí wọ́n á máa retí rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ ti lè lọ sílé kí èsì tó dé. Ó ti lè kú pẹ̀lú.

Àwọn fáírọ́ọ̀sì wo wá ni wọ́n ń wá? Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìkókó tí ara rẹ̀ gbóná ni ẹbí tí wọ́n ń pè ní enterovirus. Inú ìgbẹ́ ló ń bá jáde, ẹnu ló ń gbà wọlé, ìyá tí ara rẹ̀ kò yá ní ọ̀sẹ̀ tó bímọ sì lè kó o ran ọmọ. Fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀, pólíò, ọmọ ẹbí yìí ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù kì í ṣe ju kí ara gbóná fún ọjọ́ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nínú ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n lè wọ ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n ò jọ àbúrò ni ti parechovirus, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí enterovirus. Ó ń fa ara gbígbóná, ọmọ á máa sunkún ṣáá, ara rẹ̀ á máa pọ́n, síbẹ̀ tí wọ́n bá wo omi ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkópù, ó lè mọ́ gaara. Ẹni tí kò ṣe PCR á ní kò sí nǹkan nínú ọpọlọ. Ní oṣù keje ọdún 2022, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, CDC, ní láti kìlọ̀ fún àwọn dókítà ibẹ̀ pé kí wọ́n máa wá a. RSV àti ọ̀fìnkìn lílé tún wà, ti imú àti àyà. Àwọn wọ̀nyí rọrùn díẹ̀, torí a máa ń rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nímú, a ó sì gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí.

Herpes ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Kò wọ́pọ̀ tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ní oògùn, ó sì ń pa ọmọ kíákíá bí a kò bá fura. Ojú ara ìyá ni ọmọ ti sábà máa ń kó o nígbà ìbí, ọ̀pọ̀ ìyá tó sì ní in kò mọ̀ pé òun ní in, torí náà bíbi ìyá léèrè kò tó. Ọ̀nà kejì wà tí kò hàn sí wa. Ẹ mọ àwọn ìléròrò wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ sí etí ètè àgbàlagbà, tí àwọn èèyàn á ní ibà ló yọ sí òun lẹ́nu? Herpes ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọmọ á ti ọwọ́ ìyá àgbà bọ́ sí ọwọ́ ìyá ìjọ, láti ibẹ̀ dé ọwọ́ àbúrò bàbá tó ti Ìbàdàn wá, gbogbo wọn á fẹnu kò ó lójú àti lẹ́nu. Mi ò ní kí a má sọmọ lórúkọ o. Ẹni tí nǹkan yọ sí lẹ́nu, tàbí tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, kó dúró lókèèrè kó náwó ni mo ń wí.

Ọmọ tí herpes wọ̀ lára lè ní ìléròrò wẹ́wẹ́ lára, ó sì lè má ní. Ara rẹ̀ lè gbóná, ó lè má gbóná. Dókítà tó fura á ra òwú sí ọmọ lójú, lẹ́nu, nímú àti ní ihò ìdí, á gba ẹ̀jẹ̀, á gba omi ẹ̀yìn, á wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ní dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ acyclovir, oògùn tó ń bá herpes jà, láti inú iṣan. Bó bá jẹ́ awọ ara, ojú tàbí ẹnu nìkan ni àìsàn náà mọ sí, ọjọ́ 14 ni. Bó bá ti dé ọpọlọ tàbí tó ti tàn káàkiri ara, ọjọ́ 21. Bàbá tó bá béèrè pé kí ló dé tí wọ́n kò fún wọn ní ti oníhóró kí wọ́n máa lò ó nílé, ìdáhùn ni pé ti ẹnu kò lè dé ibi tí ó yẹ kó dé bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé PCR wà, wọ́n sì rí enterovirus tàbí RSV lára ọmọ. Ṣé ẹrù ti sọ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kàwé, ń rò ni pé bó bá ti jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò, kí á máa lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018, wo àwọn ọmọ tí kò ju ọjọ́ 60 lọ tí ara wọn gbóná. Nínú àwọn tí wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì lára wọn, nǹkan bí 4 nínú 100 ṣì ní bakitéríà tó léwu pẹ̀lú, pàápàá nínú ìtọ̀. Nínú àwọn tí wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì lára wọn, ó tó 13 nínú 100. Ewu dín kù, kò tán. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 ṣì fi ní kí wọ́n gba omi ẹ̀yìn gbogbo ọmọ ọjọ́ 8 sí 21 tí ara rẹ̀ bá gbóná, bó ti wù kó máa ta pútú tó. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ pọ̀ sí nìyẹn o. Dókítà tó ní òun kò tíì mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Omi ẹ̀yìn yìí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. "Ẹ má gún un lẹ́yìn, á yarọ," ni àwọn màmá wa máa ń wí. Abẹ́rẹ́ náà kì í dé ibi okùn iṣan ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn náà parí sí ni wọ́n ń gún, nítòsí ìbàdí, ohun tí wọ́n sì ń gbà kò ju ẹ̀kán bíi mélòó kan lọ. Ọmọ tí wọ́n rí tó rọ lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn ọpọlọ tó gbé e wá sí ilé ìwòsàn ló sábà máa ń fà á.

Nílùú yìí, a kò ṣe aláìní ilé ìwòsàn. Ti Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, ti wà láti 1907. Ti LAUTECH náà wà. Wíwo ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti omi ẹ̀yìn lábẹ́ maikirosíkópù, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé ìwòsàn ńlá ni. PCR fún fáírọ́ọ̀sì inú omi ẹ̀yìn ìkókó ni kì í ṣe ohun tí dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà sábà lè kọ sí ìwé láàárọ̀ kó rí èsì rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìmọ̀ wà nítòsí. Láàbù pólíò tó wà ní Ìbàdàn ti ń wá enterovirus nínú ìgbẹ́ ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé pólíò àdánidá, èyí tí kò ti ara àjẹsára wá, ti kúrò ní Áfíríkà. Ní Ẹdẹ, tí a ó gba ọ̀nà Òṣogbo dé, àwọn onímọ̀ ní ACEGID, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn ní Yunifásítì Redeemer's, ló kọ́kọ́ ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì kòrónà ní Áfíríkà, ní oṣù kẹta 2020. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ife káàkiri Nàìjíríà lè ṣe PCR láàárín wákàtí bíi méjì. Ó kàn jẹ́ pé oríṣi káríjì, ike kékeré tó gbé kẹ́míkà àyẹ̀wò, tí wọ́n bá rà sí i ló máa sọ ohun tó máa wá. Láti 2007 ni káríjì enterovirus fún irú ẹ̀rọ yìí ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni owó káríjì, kẹ́míkà tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, àti iná. Ní ìparí 2024 wọ 2025, UCH Ìbàdàn, àgbà ilé ìwòsàn gbogbo, wà láìní iná ìjọba fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ. Bí ti UCH bá lè rí bẹ́ẹ̀, ẹ ro ti láàbù kékeré.

Nítorí bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ni dókítà á kọ́kọ́ gbá mú: ampisílìn àti jẹntamáísìn, kí bakitéríà má baà lo àǹfààní àìmọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà á wà nínú ìgò ní ibi gbígbóná, wọ́n á máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù níbẹ̀. Ọjọ́ méjì tí wọ́n ní kí ẹ dúró, ìgò yẹn ni wọ́n ń retí. Bí kò bá hu nǹkan kan, tí ara ọmọ sì ti balẹ̀, wọ́n lè dá abẹ́rẹ́ dúró. Ọmọ tó ti mu antibáyótíìkì kẹ́míìsì kó tó dé, ìgò rẹ̀ lè má hu ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bakitéríà wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú máa fún gbogbo ọmọ ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ọkàn balẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìwádìí BARNARDS, tó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè méje, tó fi mọ́ Kánò àti Àbújá, fi hàn pé bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Klebsiella ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun tó ń ṣàìsàn, ọ̀pọ̀ bakitéríà tí wọ́n rí ni ampisílìn kò sì ràn mọ́, jẹntamáísìn náà ń yẹ̀ lórí wọn. Gbogbo ọjọ́ tí ọmọ tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe bá fi gba antibáyótíìkì lásán, àwọn bakitéríà inú wọ́ọ̀dù ló ń kọ́ oògùn náà. Àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì wúlò níbí gan-an: kì í ṣe láti lé ọmọ lọ sílé lọ́jọ́ kìn-ín-ní, bí kò ṣe láti jẹ́ kí dókítà ní ìgboyà láti dá abẹ́rẹ́ dúró lọ́jọ́ kejì.

Àwọn onímọ̀ tún ń gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2016, àwọn kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ọmọ fúnra wọn ń ṣe yàtọ̀ bó bá jẹ́ bakitéríà, yàtọ̀ bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Dípò kí wọ́n máa lé olè kiri, àwọn ọdẹ ni wọ́n ń bi léèrè irú ariwo tí wọ́n pa. Ó gbọ́n, àmọ́ kò tíì di ohun tí à ń rí ní wọ́ọ̀dù.

Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí wọ́n bá ṣe fún un nílé ṣe pàtàkì. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ fi mọ́ àyà ìyá lójú ọ̀nà kí òtútù má baà mú un. Ẹ má fún un ní àgbo. Bí giri bá gbé e, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti fi hàn tipẹ́ pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó tún ń dá giri mìíràn sílẹ̀. Parasitamọ́ọ̀ lè mú ara tutù, àìsàn á sì wà níbẹ̀, torí náà ẹ má lò ó fún ìkókó láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó. Ọmọ tí kò fa ọmú mọ́, tó ń mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tí kò mira àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ẹ má dúró de ìdájí. Ẹ gbé e lọ ní òru yẹn.

Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù tó ń lọ dáadáa sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ti ìyá àti ti ẹnì kan mìíràn. Ìgò ẹ̀jẹ̀ máa ń hu nǹkan lẹ́yìn ọjọ́ méjì nígbà mìíràn, èsì tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn tàbí Ẹdẹ lè dé lẹ́yìn tí ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ọmọ.